Ẹni Tó Ń Kan Ògiri

Oṣù mọ́kànlá ni mi ò fi mọ ojú rẹ̀.
Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀:
ẹ̀ẹ̀kan, a dákẹ́; ẹ̀ẹ̀mẹta, a dákẹ́,
lára ògiri ẹ̀wọ̀n tó tutù bí ikùn ẹja.
Àwa tí wọ́n kà sí ọlọ̀tẹ̀ ti pín lẹ́tà èdè wa,
a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye ìkànkùn tirẹ̀.
Orúkọ rẹ̀ nìkan gbà wá tó ìdajì òru:
Pyo Sang-muk, akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Masan,
ìyá rẹ̀ ń yọ ìfun ẹja ní èbúté.

Ìwé pélébé ni wọ́n bá nílé wọn,
igba ewé, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ.
Ìyá ló dì wọ́n sínú ọ̀rá, tó tì wọ́n sábẹ́ kimchi
nínú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.
Ọlọ́pàá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá,
wọ́n fa òmìnira jáde, ata rin ín gbindin.

Mo bi í láti inú ògiri:
kí ló kàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn sójà?
Ó ní: ẹni tí òjò ń pa nínú ilé
kì í béèrè ẹni tó ni òrùlé.
Gbólóhùn yẹn gba òru mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kan wọ́n wá mú un, wọ́n fi omi bi í léèrè.
Mo kan ògiri títí ìka mi fi bó.
Omi ń kán níbì kan, kò sọ nǹkan kan.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré.
Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ọ̀rọ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ni pé: mo ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀pọ̀ ọdún:
tajútajú, ìgboro tó kún dẹ́múdẹ́mú,
àwọn akọ̀wé báńkì tó ń ju aṣọ ìnujú sí wa láti ojú fèrèsé,
àwọn sójà tó padà sí bárékè
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.
Ó díje lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀ talé kí ọmọ tó wọlé.
Mo rí àwòrán rẹ̀ káàkiri,
irun dídán, táì aláwọ̀ ojú ọ̀run,
lára ògiri. Mo rẹ́rìn-ín délé.
Ògiri tó yà wá ló wá ń gbé e ga.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́.
Ó jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àwọn òkú wa sókè nílé aṣòfin,
orí ìdúró ló wà títí wọ́n fi kà á tán.
Ṣùgbọ́n òfin kan dé, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè lé òṣìṣẹ́
bí ẹni gbá ilẹ̀,
ó sì nawọ́ sókè pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, Sae-byeok, ń jó irin mọ́ irin
níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun ní Busan.
Lẹ́tà ìdádúró bá a nídìí oúnjẹ.
Ó gun ẹ̀rọ agbẹ́rù, mítà márùndínlógójì,
ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀.
Ogójì ọjọ́ rèé nínú afẹ́fẹ́ òkun,
okùn la fi ń fa ìrẹsì sí i.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Seoul.
Akọ̀wé rẹ̀ ní wọ́n wà nípàdé, kí n jókòó.
Ó bu tíì ọkà bálì fún mi. Tíì tutù.
Mo na ìka sí ògiri,
mo kan orúkọ ọmọ mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
Ohùn inú yàrá yẹn dákẹ́.
Ó pẹ́.
Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan.
Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ àga.
Mo dúró de èkejì
títí wọ́n fi ń paná ọ̀dẹ̀dẹ̀.